Ta Ni Òfin Fún Láṣẹ Láti So Ọkọ àti Ìyàwó Pọ̀?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìgbéyàwó ń gbà múlẹ̀ lábẹ́ òfin ní Nàìjíríà: ti ìbílẹ̀, ti Ìsìláàmù, àti ti òfin ìjọba, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìgbéyàwó alárédè tàbí ti kóòtù. Ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjurin dé Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tọkọtaya kan náà sábà máa ń ṣe méjì tẹ̀ léra, ìdáná lọ́jọ́ kan, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Níbẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níwájú ìyàwó ni òfin mọ̀.

Níbi ìdáná, ẹbí ló ni àṣẹ. Ohun tí ilé-ẹjọ́ máa ń wò ni bóyá òbí fọwọ́ sí i, bóyá wọ́n san owó orí, àti bóyá wọ́n fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Alága ìdúró àti alága ìjókòó kàn ń darí ètò ni. Bí wọn kò bá tilẹ̀ wá rárá, tí olórí ẹbí sì ti fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́, ìgbéyàwó ti wà. Ti Mùsùlùmí náà kò gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba: walíì ìyàwó, ẹlẹ́rìí méjì, sàdáàkì àti ìfọwọ́sí tọ̀tún-tòsì ni òpó rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lèmọ́mù tàbí ààfáà ló sábà máa ń so yìgì náà.

Ìgbéyàwó alárédè ló le jù. Òfin ìgbéyàwó alárédè kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó ní 1884, èyí tó wà lónìí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1914. Ẹni méjì péré ló yàn: rẹ́jísírà ìgbéyàwó nínú ọ́fíìsì rẹ̀, láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ìjọ rẹ̀ mọ̀, láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì gbọdọ̀ wà ní títì.

Oyè pásítọ̀ nìkan kò tó. Ilé ìjọsìn fúnra rẹ̀ ni Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé gbọ́dọ̀ ti fún ní ìwé àṣẹ. Agbègbè ìwọ̀-oòrùn Èkìtì yìí kún fún ìjọ. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) sí ní 1959. Ṣùgbọ́n òkìkí wòlíì tàbí ọjọ́ orí ìjọ kò lè dípò ìwé yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nínú ọgbà tàbí gbọ̀ngàn ayẹyẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ àkànṣe lọ́wọ́ Mínísítà.

Ìwé kejì tún wà, òun ni ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó fẹ́ fẹ́ra yóò kọ́kọ́ fi ìwé ìfilọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ́jísírà; ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ ìka. Wọn yóò lẹ ìfilọ̀ náà mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, kí ẹni tó bá ní ìdí láti dí ìgbéyàwó náà lọ́wọ́ lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, bí kò bá sí ìdènà, tí wọ́n sì ti búra, rẹ́jísírà yóò fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá lẹ́yìn ìfilọ̀ láìṣe ìgbéyàwó, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Pásítọ̀ kò gbọdọ̀ so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìrí ìwé ẹ̀rí yìí, tàbí àṣẹ Mínísítà tó dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, yóò fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí rẹ́jísírà láàárín ọjọ́ méje.

Ní 1963, Adájọ́ Palmer ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tí kò bá òfin yìí mu kò jẹ́ nǹkan kan lójú òfin, ìjọ yòówù kó ṣe é. Síbẹ̀, òfin náà ṣàánú ẹni tí kò mọ̀: ìgbà tí tọkọtaya méjèèjì bá mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ so wọ́n pọ̀, tàbí kí wọ́n ṣe é láìsí ìwé ẹ̀rí, ló tó di òfo. Ẹni tó bá sì so wọ́n pọ̀, tó mọ̀ pé òun kò ní àṣẹ, lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura.

Ìyàwó ló sábà máa ń ru ìyà rẹ̀. Bí ti ṣọ́ọ̀ṣì bá di òfo, ti ìdáná nìkan ló kù, èyí sì gba ọkọ láàyè láti fẹ́ ẹlòmíràn. Bí ọkọ bá kú, àṣà ìbílẹ̀ ni wọn yóò fi pín ogún, opó sì lè jáde lọ́wọ́ òfo.

Àríyànjiyàn kan ti pẹ́ nílẹ̀ lórí ẹni tó ni iṣẹ́ rẹ́jísírà, ìjọba àpapọ̀ ni tàbí ìjọba ìbílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi dídá ìgbéyàwó alárédè sílẹ̀ àti títú u ká sọ́wọ́ àpapọ̀, ó sì fi ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2021, Adájọ́ Daniel Osiagor ní Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ láre. Nítorí náà, káńsù Ìjerò ni ará Ìjurin ń bá lò; Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n ní tiwọn.

Kí àwọn òbí tó san owó gbọ̀ngàn, kí wọ́n tó ra aṣọ ẹbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ìwé àṣẹ ilé ìjọsìn náà, kí wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọ ti dé káńsù.