Kòkòrò tí kòlórínì ò rí pa: Àṣírí tí omi ìgbọ̀nsẹ̀ tú ní Milwaukee

Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dárúkọ ìlú tí omi ẹ̀rọ ti lè dá odindi ìlú dùbúlẹ̀, ó dájú pé ẹ ò ní í dárúkọ ìlú kankan l'Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Milwaukee, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, lọ́dún 1993 nìyẹn. Omi tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n tún da kòlórínì sí, ló kó àìsàn bá nǹkan bíi 403,000 èèyàn.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún náà, òṣìṣẹ́ ọsibítù ò wá síbi iṣẹ́, tíṣà ò wá, ọmọ iléèwé náà ò wá. Ìgbẹ́ gbuuru ló dá wọn dúró sílé. Oògùn ìgbẹ́ gbuuru wá di ohun tí wọ́n ń du mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ keje oṣù ọ̀hún, àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò àfòmọ́ kan tó ń jẹ́ Cryptosporidium ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Méyọ̀ ìlú, John Norquist, kìlọ̀ pé kí kálukú se omi kó tó mu ún. Láàárín ọdún méjì, èèyàn 54 ni àìsàn náà bá lọ. Àwọn tó ní éèdì ló pọ̀ jù nínú wọn, torí ara wọn ò lágbára láti bá a jà.

Ta ló kó o sómi? Adágún Michigan ni ìlú náà ti ń fa omi. Àwọn kan ní ìgbẹ́ màlúù ni òjò gbá wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ DNA kòkòrò tí wọ́n rí lára àwọn aláìsàn wò, irú tó máa ń ti ara èèyàn wá sára èèyàn ni. Ni ìfura bá kúrò lọ́rùn màlúù, ó kọjú sí ṣáláńgá.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá lọ ń bu omi ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú náà kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe. Ọdún 2003 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni o. Ẹyin kòkòrò yìí kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yí omi náà bíri títí ohun tó wúwo nínú ẹ̀ á fi rọ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n á wá fi hóró tíntìntín tí òòfà ń fà, tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹyin kòkòrò náà nìkan, ṣà á jáde nínú ẹ̀gbin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yẹ DNA rẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí kọjá ẹyọ kan: ti èèyàn wà ńbẹ̀, ti màlúù àti ti ẹranko mìíràn náà wà ńbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì ni pé aláìsàn lè máà lọ sọ́sibítù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kì í lọ ilé ìyàgbẹ́.

Láti ọdún 1998 ni Milwaukee ti ń fi ozone pa kòkòrò inú omi wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń da kòlórínì sí kànga ńkọ́? Ó dáa, ó ń pa kòkòrò onígbáméjì. Ṣùgbọ́n èèpo ẹyin kòkòrò tiwa yìí le ju agbára kòlórínì lọ. Iná ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kómi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó gbé e fọ́mọ. Ẹ má sì gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá.