Dókítà awọ, dókítà ẹ̀dọ̀fóró: ta ló ni aláìsàn?

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ kíliníìkì awọ ara, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tí eczema ti sọ inú ìgbọ̀nwọ́ àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ di dúdú, tó yi, tó ń họra títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ, yóò gba ìpara, yóò sì máa lọ. Bí àyà rẹ̀ bá ń súfèé lóru, káàdì mìíràn nìyẹn, ìlà mìíràn nìyẹn.

Àwọn kan nínú iṣẹ́ náà ní àrùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń pín wò. Wọ́n ní awọ ló ń kọ́kọ́ là, tí ohun tí ara kò fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, tí ara á máa bá a jà títí ìjà náà á fi dé ẹ̀dọ̀fóró, tí á di asthma. Ọdún 2006 ni àlàyé yìí rẹ́sẹ̀ walẹ̀, nígbà tí wọ́n rí i pé àbùkù jíìnì filaggrin, jíìnì tó ń mú kí awọ dí dáadáa, wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní eczema ní Yúróòpù. Àlàyé tó dùn létí ni. Ṣùgbọ́n àbùkù yẹn ṣọ̀wọ́n láàárín àwa adúláwọ̀, bẹ́ẹ̀ eczema kò fi wá sílẹ̀.

Ìṣirò pẹ̀lú kò gbè wọ́n. Àwọn olùwádìí tọpa ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 ní Bìrìtéènì láti kékeré. Nínú àwọn tí àmì àìsàn hàn lára wọn, àwọn tó tọ ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ, eczema ṣáájú, asthma tẹ̀ lé e, kò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Bákan náà, ìwádìí ńlá méjì tó jáde ní 2020, ọ̀kan ní Bìrìtéènì, èkejì ní Norway àti Sweden, fi ìpara pa ìkókó lára déédéé kí awọ wọn má baà là. Eczema kò dín.

Síbẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ dupilumab fún eczema ní 2017, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún asthma ní 2018. Ìyẹn kò sọ pé awọ ló bí asthma; ó lè jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ti psoriasis, àrùn awọ mìíràn, àti ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ tilẹ̀ tún díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí sìgá ń dá kún ewu méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn lọ. Kò dìgbà tí wọ́n bá parí rẹ̀ kí dókítà awọ tó bi ìyá ọmọ léèrè bí ọmọ ṣe ń mí lóru, kó sì kọ èsì rẹ̀ sínú fáìlì tí dókítà ẹ̀dọ̀fóró yóò kà.