Owó Ìrà àti Owó Ìlò: Èdè-Ìperí fún Ìnáwó orí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Aláwọ̀ Nínú Ilé

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbéyàwó kò tó pọ́n, owó ọbẹ̀ ni ó ṣòro. Àwọn àgbà tí ó pa òwe yìí ti ya oríṣi ìnáwó méjì sọ́tọ̀ tipẹ́: èyí tí a ń ná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú gbogbo ayé, àti èyí tí a ń ná lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í bá ni jó sí. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ sí ilé máa ń gbàgbé. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ní ìsọ̀ ni ó ń wò. Kì í béèrè iye tí ẹ̀rọ náà yóò máa mu.

Iṣẹ́ tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi ṣàlàyé ìnáwó yìí ní èdè Yorùbá wò, kí a sì fi ìṣirò dán wọn wò. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ èdè nìkan. Olùkọ́ tí ó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò nílé àti ògbufọ̀ tí ó ń túmọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé owó gidi ni àṣìṣe ọ̀rọ̀ kan lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e.

2. Ohun tí ẹ̀rọ ń mu

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ń fọ́n tàdáwà olómi sára bébà láti inú àwọn ihò tíntìntín. Èkejì ń fi ìtànṣán ya àwòrán sára ohun roboto kan. Ẹ̀tù aláwọ̀ á lẹ̀ mọ́ àwòrán náà, ooru á sì yọ́ ọ mọ́ bébà. Ní ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú oríṣi méjèèjì jáde, ThinkJet àti LaserJet. A lè pe èkíní ní ẹ̀rọ afọ́n-tàdáwà, kí a pe èkejì ní ẹ̀rọ onítànṣán.

Tàdáwà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni ó ti wá, àwọn àáfà sì ti fi ń kọ wàláà kí yíǹkì tó dé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó wúlò, ṣùgbọ́n tàdáwà bá èdè-ìperí mu jù. Ní ti ohun tí tàdáwà ń gbé inú rẹ̀, kátíríìjì ni àwọn ènìyàn ń pè é ní ọjà, kò sì sí ẹni tí yóò gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, àdó lè dúró tì í nínú ìwé. Ohun ìkóǹkansí kékeré tí a dé pa, tí àwọn oníṣègùn ń kó ẹ̀tù sí, ni àdó. Èdè ti fà á gùn tẹ́lẹ̀ nínú àdó olóró, nítorí náà àdó tàdáwà àti àdó ẹ̀tù kò ní ṣòroó gbọ́.

Àwọ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ sábà máa ń lò: dúdú, àwọ̀ ìyeyè, aró tí ó mọ́lẹ̀, àti pupa tí ó fara jọ elésè-àlùkò. Ó yẹ kí olùrà béèrè bóyá àdó kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwọ̀ tirẹ̀, tàbí àwọ̀ mẹ́ta ni ó jọ wà nínú àdó kan. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn yìí, bí àwọ̀ kan bá tán, gbogbo àdó náà ni a óò pààrọ̀, bí àwọn méjì yòókù tilẹ̀ ṣẹ́ kù.

3. Àtẹ̀tán àti ìdá ìbòjú

Ara páálí àdó ni a máa ń kọ iye ojú-ewé tí ó lè tẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un ni àgbẹ̀ ń lò fún irè oko, tí oníbáǹkì sì ń lò fún ohun tí owó mú wọlé. Ògbufọ̀ tí ó bá yára lè pè é ní èrè. Àṣìṣe ńlá ni èyí, nítorí kò sí èrè kankan níbẹ̀. Òpin ni ó ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ tí a dábàá níhìn-ín ni àtẹ̀tán, èyí tí a ṣẹ̀dá láti ara àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- àti ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, tẹ̀ àti tán. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iye ojú-ewé tí a tẹ̀ títí àdó fi gbẹ.

Àtẹ̀tán kò ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ irú ojú-ewé tí a fi wọ̀n ọ́n. Ojú-ewé tí ó ní ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ kò lè mu tàdáwà tó fọ́tò tí ó bo bébà láti etí dé etí. Ìdá ìbòjú ni a lè pe ìpín bébà tí tàdáwà bò. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọ̀ kan ni àwọn oníṣòwò ti ń lò tipẹ́. Nígbà tí ó yá, àjọ àgbáyé ISO àti IEC ṣe ìlànà: ISO/IEC 24711 sọ bí a ṣe ń wọn àtẹ̀tán ẹ̀rọ afọ́n-tàdáwà aláwọ̀, ISO/IEC 24712 sì pèsè àwọn ojú-ewé tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Títẹ̀ léraléra ni ìlànà náà fi ń wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni a ń tẹ̀wé nínú ilé, níbi tí ẹ̀rọ lè sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

4. Ìṣirò

Bí a bá pín iye owó àdó sí àtẹ̀tán rẹ̀, ohun tí a rí ni owó ewé-kan. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tí a fi ojú inú gbé kalẹ̀, kì í ṣe iye ọjà. Ẹ̀rọ kìíní jẹ́ ₦60,000. Àdó rẹ̀ jẹ́ ₦20,000, àtẹ̀tán rẹ̀ sì jẹ́ 200. Owó ewé-kan rẹ̀ jẹ́ ₦100. Ẹ̀rọ kejì jẹ́ onítáǹkì, irú èyí tí Epson kọ́kọ́ gbé jáde ní orílẹ̀-èdè Indonesia ní ọdún 2010, tí a ń da tàdáwà sí láti inú ìgò. Iye rẹ̀ jẹ́ ₦240,000. Àwọn ìgò rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦40,000, àtẹ̀tán wọn sì jẹ́ 4,000. Owó ewé-kan rẹ̀ jẹ́ ₦10. Owó bébà kò yàtọ̀, nítorí náà a yọ ọ́ sílẹ̀.

Owó ìrà ẹ̀rọ kejì fi ₦180,000 ju ti èkíní lọ, ṣùgbọ́n lórí ewé kọ̀ọ̀kan ó ń dá ₦90 padà. Bí a bá pín ₦180,000 sí ₦90, a óò rí 2,000. Èyí ni ojú ìdọ́gba, ibi tí ìnáwó méjèèjì ti ṣe déédéé. Olùkọ́ tí ó ń tẹ ewé 100 lóṣù yóò dé ibẹ̀ ní oṣù 20. Nígbà tí ó bá fi tẹ 5,000, ẹ̀rọ kìíní ì bá ti gba ₦560,000 lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì yóò sì ti gba ₦290,000. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tẹ ewé 10 lóṣù yóò lo oṣù 200, ìyẹn ju ọdún 16 lọ. Ẹ̀rọ náà lè ti kú kí ó tó dé ojú ìdọ́gba. Nítorí náà, kò tọ́ kí a sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ láìbi olùrà léèrè pé ewé mélòó ni ó ń tẹ̀.

5. Ìnáwó tí kò hàn

Ohun mẹ́rin ni ó lè yí ìṣirò yìí padà. Èkíní, àdó tí ó bá ẹ̀rọ tuntun wá lè má kún tó èyí tí a ń tà lọ́tọ̀. Èkejì, ẹ̀rọ afọ́n-tàdáwà ń fi tàdáwà fọ ihò rẹ̀ kí ó má baà dí. Bí a bá pa á tì fún ìgbà pípẹ́, tàdáwà gbẹ, ìfọ̀ sì pọ̀ sí i. Ẹ̀tù kì í gbẹ, nítorí náà ẹ̀rọ onítànṣán bá ẹni tí kì í tẹ̀wé lemọ́lemọ́ mu. Ẹ̀kẹta ni iná mọ̀nàmọ́ná. Ooru tí ó ń yọ́ ẹ̀tù ń fẹ́ agbára púpọ̀. Ilé tí ó gbára lé jẹnẹrétọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ ka èyí mọ́ owó ìlò. Ẹ̀kẹrin ni àdó àtúnrọ, èyí tí a tún rọ tàdáwà tàbí ẹ̀tù sí. Ní ọdún 2017, nínú ẹjọ́ Impression Products àti Lexmark, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà pinnu pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti ta àdó, kò lè fi ẹ̀tọ́ àṣẹ-ìhùmọ̀ dí ẹni tí ó tún un rọ, tí ó sì tún un tà, lọ́wọ́. Àdó bẹ́ẹ̀ ń dín owó ewé-kan kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ń gbà á.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a dábàá nìwọ̀nyí:

Owó ìrà: iye tí a fi ra ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Owó ìlò: gbogbo ohun tí a ń ná lórí ẹ̀rọ lẹ́yìn tí ó ti wọlé.
Àdó tàdáwà, àdó ẹ̀tù: kátíríìjì.
Àtẹ̀tán: iye ojú-ewé tí àdó kan tẹ̀ kí ó tó gbẹ.
Ìdá ìbòjú: ìpín ojú-ewé tí tàdáwà tàbí ẹ̀tù bò.
Owó ewé-kan: iye owó àdó tí a pín sí àtẹ̀tán rẹ̀.
Ojú ìdọ́gba: iye ewé tí ìnáwó orí ẹ̀rọ méjì fi ṣe déédéé.

Olùkọ́ ìṣirò lè fi wọ́n kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní pípín, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni ó kan jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹni tí ó bá ti ní ọ̀rọ̀ fún owó ọbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ariwo ìgbéyàwó gbàgbé rẹ̀ mọ́ òun lọ́kàn.