Simpa: Orin Aláìbẹ̀rù Àwọn Ọ̀dọ́ Dagbon

Ní Tamale àti ní gbogbo ilẹ̀ Dagbon, lápá àríwá Ghana, ọ̀rọ̀ ìlù kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn onílù tí wọ́n ń pè ní lunsi ni òpìtàn ìjọba àwọn Dagomba. Ìlù wọn, luŋa, jọ gángan tiwa. Ìdílé ni wọ́n sì ti ń jogún iṣẹ́ náà. Ní òru ọdún, wọn a dúró níwájú ààfin, wọn a máa fi orin àti ìlù pìtàn àwọn ọba tí ó ti wàjà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìtàn náà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹran kí wọ́n tó dá àwọn ibòmíràn nínú rẹ̀ lẹ́nu.

Bí àwọn àgbà bá ní luŋa, kí ni àwọn ọ̀dọ́ ní? Simpa ni.

Orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pe ìlú Winneba, létí òkun, ni Simpa. Ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940 ni orin gúúsù, gombe àti highlife, gòkè dé Dagbon, tí àwọn ọmọ Yendi àti àwọn ìlú tí ó yí i ká sì pò ó mọ́ eré ìlú tiwọn. Àwọn ọmọkùnrin ni ń lùlù, àwọn ọmọbìnrin a máa kọrin, wọn a sì máa jó. Ohun gbogbo tí etí wọn bá gbọ́ ni wọ́n ń gbé mì: orin Kóńgò, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ohun yòówù tí rédíò bá mú wá. Àwọn àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí òru ni eré náà, tọkùnrin tobìnrin sì ni ń pàdé níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àwọn olórin náà kò mọ ẹni tí à ń bẹ̀rù.

Àwa kò rí ohun ìyanu nínú èyí. Ẹni tí ó bá ti rí ọjọ́ Òkèbàdàn ní Ìbàdàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a kò gbọdọ̀ sọ ní àná ni à ń fi kọrin lójú pópó lónìí, tí kò sì sí ẹni tí yóò bínú. Ní Jámánì ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ Rammstein, tí a dá sílẹ̀ ní Berlin ní 1994, sọ iná àti ìwà àìnítìjú di ara orin onírin wọn. Ní 1999 àwọn ọlọ́pàá Worcester ní Amẹ́ríkà mú méjì nínú wọn lẹ́yìn eré. Wọ́n sun àtìmọ́lé, wọ́n sì san owó ìtanràn. Ó parí síbẹ̀.

Ti Dagbon kò parí bẹ́ẹ̀. Ilé méjì, Abudu àti Andani, tí ọmọ Yaa-Naa Yakubu kan náà ni baba ńlá wọn, ni ń du awọ Yendi. Awọ ni à ń wí, nítorí orí awọ ẹran ni ọba ibẹ̀ ń jókòó, kì í ṣe orí àga. Nígbà tí ìjà náà gbóná ní ìparí àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ simpa pín sẹ́yìn ilé méjèèjì. Orin tí a fi ń pa ẹ̀fẹ̀ nípa àpọ́n àti ìyàwó di orin èébú tí ilé kan ń rán sí èkejì. Ní September 1969, àwọn agbófinró yìnbọn ní ààfin Yendi, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Àwọn aláṣẹ fi òfin de simpa níbẹ̀ fún ìgbà kan. Oṣù méjì lẹ́yìn ìbọn náà ni ìjọba Busia pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìgbòho àti Ṣakí fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀ ní ọjà Tamale.

Wọ́n fi òfin de Hubert Ogunde náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1964 nítorí *Yorùbá Ronú*, títí di 1966. Àwọn kan yóò wí pé Ogunde náà ní ibi tí ó tẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ni orin rẹ̀ dojú kọ. Ọmọ aládùúgbò tí àwọn olórin jọ ń pọnmi nínú kànga kan náà ni simpa Yendi dojú kọ. Lójú tiwa, níbẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù: ẹni tí ilé kan ti gbà sọ́wọ́ kò lè fi gbogbo ìlú ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ìjà náà pẹ́. Ní March 2002 wọ́n pa Yaa-Naa Yakubu Andani Kejì pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀; January 2019 ni Abubakari Kejì tó gun awọ. Ní Tamale lónìí, Fancy Gadam àti Maccasio ni àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ̀lé, ìlú sì tún pín sẹ́yìn àwọn méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí awọ kankan láàrin wọn.

Àwọn tí wọ́n kọ simpa kí ìbọn tó dún ti darúgbó. Láti 1992 ni Yunifásítì fún Ìdàgbàsókè ti wà ní Tamale. Ẹ̀yin olùkọ́ ibẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí lọ, kí ẹ sì bi wọ́n ní orúkọ ẹni tí wọ́n fi orin kọ̀ọ̀kan bú.