Ọjọ́ Kìíní Nínú Ọkọ̀ Òkun

Ọkọ̀ fàájì orí òkun ni ọkọ̀ ńlá tí èrò ń wọ̀ torí ìgbádùn inú rẹ̀ ju torí ibi tó ń lọ. Ilé oúnjẹ wà nínú rẹ̀, odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà, ibi ìṣeré ọmọdé wà, gbọ̀ngàn orin wà, yàrá ibùsùn sì pọ̀ níbẹ̀ ju ti òtẹ́ẹ̀lì ńlá lọ. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan ya ìlú mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó dá èrò padà sí èbúté tó ti kó wọn. Nínú gbogbo ọjọ́ ìrìnàjò náà, ọjọ́ kìíní ló le jù, pàápàá fún ìdílé tó kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání. Ọjọ́ ìwé ni, ọjọ́ ẹrù ni, ọjọ́ à-ń-sọnù-à-ń-wára-ẹni sì ni.

Omi kì í ṣe àjèjì sí ará Ìyànà-Ìbà. Láti oríta tí ọ̀nà LASU ti pàdé òpópónà Èkó sí Badagry, kò jìnnà sí etí ọ̀sà ní ìlú Ọ̀jọ́, níbi tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ti ń kó èrò lọ sí àwọn ìlú òdìkejì omi bí Ìrèwé. Àjọ LASWA, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá sílẹ̀ ní 2008 láti máa mójú tó ọ̀nà omi, ló ní kí èrò kankan má wọ ọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì ìgbẹ̀mílà. Nítorí náà, ẹni tó ti ti Ọ̀jọ́ wọ ọkọ̀ rí ti mọ ohun kan tí wọ́n máa kọ́ ọ nínú ọkọ̀ fàájì. Ìyókù ni kò mọ̀, torí kò sí ọkọ̀ fàájì ńlá kankan tó fi Èkó ṣe ibùdó. Ìdílé tó bá fẹ́ irú ìrìnàjò yìí ní láti kọ́kọ́ wọ bàálù lọ sí Barcelona, Southampton tàbí Miami. Bẹ́ẹ̀, ìgbà kan wà tí ọkọ̀ tó jọ ọ́ ń gúnlẹ̀ sí Àpápá, tí ìdílé ń ti ibẹ̀ wọlé sínú rẹ̀ tọmọtọmọ.

Aureol ni gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ilé iṣẹ́ Elder Dempster ti Liverpool ló ni ín. Glasgow ni wọ́n ti kàn án, ó sì ṣe ìrìnàjò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1951. Òkè Aureol ní Freetown, níbi tí Fourah Bay College wà, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ara rẹ̀ funfun, ó gùn tó mítà 164, àyè 253 ló wà nínú rẹ̀ fún kíláàsì kìíní, 76 sì wà fún kíláàsì ìsàlẹ̀. Òun àti Accra àti Apapa, àwọn ọkọ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n jọ ń pín ọ̀nà Liverpool sí Èkó ná. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni ìrìnàjò náà, wọ́n á sì yà ní Las Palmas, Freetown àti etíkun Ghana. Wọ́n ń kó lẹ́tà ìjọba, wọ́n ń kó ẹrù, wọ́n sì ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, lọ́yà ọ̀la àti ìyàwó tó ń tọ ọkọ lọ.

Ní wọ́ọ̀fù Àpápá, ọjọ́ kìíní ti bẹ̀rẹ̀ kí èrò tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Ẹnì kan ló ń lọ, ogún ènìyàn ló ń sìn ín. Bàbá ń kìlọ̀, ìyá ń gbàdúrà, ẹ̀gbọ́n ń ka ẹrù lẹ́ẹ̀kẹta, aláàárù ń béèrè owó rẹ̀. Ìdílé òyìnbó tó ti òkè Ọya wá ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tí iléeṣẹ́ Réluwéè dìídì ń rán láti Kano wá pàdé ọkọ̀ òkun. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ìwé, èrò á gun àkàbà wọlé, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ á mú un lọ sí yàrá rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì tóóró, agbada ìfọwọ́, fèrèsé róbótó. Ọ̀pọ̀ kì í jókòó síbẹ̀. Wọ́n á sáré padà sókè kí wọ́n lè rí àwọn ará ilé tó dúró ní wọ́ọ̀fù, kí wọ́n sì máa juwọ́ títí ọkọ̀ á fi ṣí.

Àmọ́ ìgbéra gan-an kò sí ní Àpápá. Ẹnu ọ̀sà ló wà. Iyanrìn tó dí ẹnu ọ̀sà yìí ti yọ àwọn atukọ̀ lẹ́nu láyé àtijọ́, débi pé ọkọ̀ ńlá kì í lè wọlé. Ojú òkun ni wọ́n ti ń sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, tí wọ́n á jókòó sínú àpótí tí okùn gbé kọ́ lókè omi. Iyanrìn náà ni àwọn òyìnbó fi pe etíkun tó wà níbẹ̀ ní Bar Beach. Ìgbà tí ìjọba amúnisìn fi òkúta ṣe ògiri gígùn wọ inú òkun lọ́tùn-ún lósì ni ọ̀nà tó jìn, wọ́n sì ṣí wọ́ọ̀fù ńlá Àpápá ní 1926. Nítorí náà, èrò Aureol kò jókòó sínú àpótí mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti kọjá ògiri òkúta méjèèjì, ìgbì Àtìláńtíìkì á gbà á, ilẹ̀ ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, á tún máa rọlẹ̀. Ẹni tó ń ṣàwàdà ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn á wá ibi jókòó.

Àṣà àwọn ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kò sí aṣọ ayẹyẹ lálẹ́ ọjọ́ kìíní, torí ẹrù kò tíì tú. Àánú ńlá lèyí jẹ́ fún ọmọ Yorùbá tó ń bá ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ mẹ́ta-mẹ́ta jà lórí tábìlì fún ìgbà àkọ́kọ́. Obìnrin tó dá kó ọmọ dání náà wà nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Buchi Emecheta, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí sí Èkó ní 1944, kó ọmọ méjì wọ ọkọ̀ ní 1962 láti lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London; Adah, ẹ̀dá ìtàn nínú ìwé rẹ̀ Second-Class Citizen, tó jáde ní 1974, gba ọ̀nà kan náà dé Liverpool.

Bàálù ló pa ọ̀nà yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 1964, BOAC, ilé iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi bàálù VC10 gbé èrò fún ìgbà àkọ́kọ́, London sí Èkó sì ni ìrìnàjò náà. Kí ni ọjọ́ mẹ́tàlá tún ń wá nígbà tí wákàtí díẹ̀ ti tó? Accra fẹ̀yìn tì ní 1967, Apapa tẹ̀ lé e ní 1968. Aureol nìkan ló kù, wọ́n gbé ibùdó rẹ̀ kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton ní 1972, ó sì parí iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 1974. Ó di ilé gbígbé lórí omi ní Jeddah fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó tú u palẹ̀ ní Íńdíà ní 2001.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù lórí òkun rí i pé àwọn kò lè bá bàálù sáré, wọ́n bá sọ ọkọ̀ di ibi tí ènìyàn ń lọ. Bí ọkọ̀ fàájì ṣe di ìlú kékeré nìyẹn. Icon of the Seas, tó kọ́kọ́ gbéra ní Miami ní oṣù kìíní 2024, gùn ní mítà 365. Ó lè gba èrò bí 7,600, òṣìṣẹ́ 2,350 ló sì ń tọ́jú wọn. Aureol kò gùn tó ìdajì rẹ̀.

Fún ìdílé tó ti Ìyànà-Ìbà lọ, ọjọ́ kìíní inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mélòó kan ṣáájú, nínú ọ̀rọ̀ físà. Ibi tí ọkọ̀ máa yà sí ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti gbéra nìkan. Físà Schengen oníwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò tó fún ọkọ̀ tó ti Barcelona lọ sí Tunis tó sì tún fẹ́ wọ Ítálì, torí pé ó ti jáde kúrò ní agbègbè Schengen ti ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ tí òbí kan ṣoṣo bá mú lọ lè nílò ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ òbí kejì. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ẹ̀gbẹ́ àkàbà ọkọ̀ ni wọ́n á ti dá a padà.

Ó tún yẹ kí ìdílé náà ti sùn sí ìlú èbúté ní ọjọ́ kan ṣáájú. Dánfó Ìyànà-Ìbà máa ń dúró kó kún kó tó gbéra. Ọkọ̀ òkun kì í dúró de ẹnì kankan. Ó kéré tán, wákàtí kan ṣáájú ìgbéra ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, torí wọ́n gbọ́dọ̀ fi orúkọ gbogbo èrò ránṣẹ́ sí ìjọba. Bí bàálù bá pẹ́, ìṣòro èrò nìyẹn.

Ní èbúté, àwọn aláàárù á gba àpótí ńlá. Táàgì tó ní nọ́ńbà yàrá á ti wà lára àpótí kọ̀ọ̀kan láti ilé, torí ẹrù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n fẹ́ pín káàkiri. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kábàámọ̀. Àpótí náà lè má dé yàrá títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọmọ ti rí odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó sì ń sunkún aṣọ ìwẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá àgbà, ìlédìí ọmọ, páásípọ́ọ̀tù àti aṣọ ìpààrọ̀ kan, inú báàgì ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n wà. Ẹ̀rọ á yẹ ẹrù wò bíi ti pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n á sì gba ohunkóhun tó lè dáná: àbẹ́là, ìkòkò iná mànàmáná, àti áyọ́ọ̀nù pàápàá. Ti áyọ́ọ̀nù yìí máa ń dun ará Èkó, tó fẹ́ kí ìlà ṣòkòtò rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n iná lórí òkun kò ṣeé sá fún.

Wọ́n á ya àwòrán ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún un ní káàdì. Káàdì yìí ni kọ́kọ́rọ́ yàrá, òun ni ìwé ìdánimọ̀, òun náà sì ni àpò owó. Owó kì í ṣípò lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Gbogbo ohun tí ènìyàn bá rà ń wọ ìwé gbèsè, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú àkáǹtì níkẹyìn ìrìnàjò. Oúnjẹ gbọ̀ngàn ńlá wà nínú owó ọkọ̀. Ọtí, íńtánẹ́ẹ̀tì àti owó ìdúpẹ́ òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń gbà lórí èrò kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, kì í sábà sí nínú rẹ̀. Fóònù náà gba ìṣọ́ra. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní etílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sátẹ́láìtì inú ọkọ̀ lè gbé fóònù tí wọn kò pa dátà rẹ̀, kí owó sì máa ṣàn.

Yàrá kì í sábà ṣí títí di nǹkan bí aago kan ọ̀sán, nítorí ọwọ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni èrò ọ̀sẹ̀ tó kọjá jáde. Gbogbo ènìyàn á wá rọ́ lọ síbi oúnjẹ. Ojú ọmọdé kì í gbàgbọ́ lákọ̀ọ́kọ́ pé òun lè padà lọ bu ìrẹsì sí i láìsí pé ẹnì kan fẹjú mọ́ òun.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ìgbẹ̀mílà. Ó ní ìtàn. Lẹ́yìn tí Titanic rì ní 1912 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn SOLAS ní 1914 lórí ààbò èrò lójú òkun. Fún ìgbà pípẹ́, àyè wà láti ṣe ẹ̀kọ́ náà láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ìgbéra. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2012, Costa Concordia kọ lu òkúta ní etí erékùṣù Giglio ní Ítálì, ènìyàn 32 sì kú. Nǹkan bí 700 lára èrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ kọ́ wọn. Láti oṣù kìíní 2015, òfin ti ní kí ẹ̀kọ́ náà wáyé kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí lójú ẹsẹ̀ tó bá gbéra. Fèrè kúkúrú méje, tí gígùn kan tẹ̀ lé wọn, ni àmì ewu. Kálukú á lọ sí ibùdó tí wọ́n kọ sára káàdì rẹ̀, wọ́n á fi bí a ṣe ń wọ jákẹ́ẹ̀tì hàn án. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, wọ́n máa ń so okùn ọwọ́ tó ní nọ́ńbà ibùdó mọ́ ọmọdé, kí òṣìṣẹ́ lè gbé e débẹ̀ bí òbí rẹ̀ kò bá sí nítòsí. Ẹ̀kọ́ yìí kì í dùn, àwọn kan sì máa ń gbìyànjú láti sá fún un. Òṣìṣẹ́ máa ń pe orúkọ wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ń ṣí, pẹ̀lú orin àti ijó lórí dẹ́kì. Àwọn ọkọ̀ òde òní ní ìyẹ́ bíi ti ẹja lábẹ́ omi tó ń dín ìfì wọn kù, síbẹ̀ òòyì òkun kò tán pátápátá. Ohun tó ń fà á ni pé inú etí ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń mì, ojú sì ń sọ pé yàrá dúró ṣinṣin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tí òòyì ń kọ́ bọ́ síta kó máa wo ibi tí sánmà ti pàdé omi. Àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, ni ìmìtìtì ti kéré jù. Ata ilẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń fún aláboyún tí èébì ń gbé wúlò níbẹ̀ náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àpótí á ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ìwé ètò ọjọ́ kejì á sì ti dé, lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú fóònù. Òru ni ọkọ̀ fàájì sábà máa ń rìn, kí ìlú mìíràn lè wà lójú fèrèsé bí ilẹ̀ bá mọ́. Inú ètò náà ni wọ́n ti ń kéde bí aago máa yí padà. Aureol máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan bó bá ti Èkó forí lé ìwọ̀ oòrùn, ọkọ̀ òní náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá gba ọ̀nà kan náà. Ìdílé tí kò bá yí aago rẹ̀ kó tó sùn á kó ọmọ wá sí gbọ̀ngàn oúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á sì bá ilẹ̀kùn ní títì.