Ìtumọ̀ àti Ìlò 'Ìyàwó' nínú Ẹ̀sìn Òrìṣà

Obìnrin tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà ni a ń pè ní ìyàwó òrìṣà. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ lọ́kọláya lásán ni èyí, ó ṣì í gbọ́. Nínú agbo ilé Yorùbá, gbogbo ọmọ tí ìyàwó bá nílé, ìbáà ṣe akọ tàbí abo, ni ọkọ rẹ̀. Ìgbà tí ó wọlé ni a fi mọ ipò rẹ̀. Nítorí náà ni ọkùnrin fi lè jẹ́ ìyàwó Ṣàngó, tí ó sì ń dirun. Àwọn tí a kó lẹ́rú gbé ọ̀rọ̀ náà sọdá òkun. Ní Kúbà, tọkùnrin tobìnrin ni iyawó, wọ́n sì ń wọ funfun fún ọdún kan. Ní Bràsíl, iaô tí ó bá pé ọdún 7, tí ó sì ṣe ètùtù rẹ̀, a di ebômi, èyíinì ni 'ẹ̀gbọ́n mi'. Ní tèmi, ipò ẹni tuntun nínú ilé ni 'ìyàwó' ń tọ́ka sí. Ipò àgbà sì ń bẹ níwájú fún un.