Osùn Àlùkò Kì í Ṣe Àsọdùn

Bí àgbà bá ń súre níbi ìkómọ, ẹyẹ mẹ́ta kì í jìnnà sí i lẹ́nu: agbe aláró, àlùkò olósùn àti lékèélékèé ẹlẹ́fun. A ó ṣe àmín, a ó jẹun, a ó gba ilé lọ. Ẹ wá bi àwọn tó ṣe àmín yẹn léèrè, mélòó nínú wọn ló ti fojú kan agbe rí? Lékèélékèé nìkan ni wọn yóò lè jẹ́rìí sí.

Ti lékèélékèé kò le. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú, tó gba Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, yóò rí wọn lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń tọ màlúù lẹ́yìn, tí wọ́n ń ṣa tata tí ẹsẹ̀ màlúù lé jáde nínú koríko. Ibi tí a bá gé igbó, tí a sọ ọ́ di pápá, ibẹ̀ gan-an ló wù wọ́n. Kódà wọ́n ti fò kúrò ní Áfíríkà, wọ́n sọdá òkun Àtìláńtíìkì dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì ti bí sí i níbẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń na èékánná sí wọn pé kí wọ́n bun àwọn ní funfun kò ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Agbe àti àlùkò ni ọ̀rọ̀ wà lára wọn. Nítorí tiwọn ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni tó mọ ohùn ẹyẹ ju ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, ṣe jí wọ igbó etí ọ̀sà kan lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí ewé. Ẹ má retí òkè o. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́, ó sì rọ̀; agbègbè yẹn ni odò Ọ̀ṣun tó ti Èkìtì ṣàn wá ti ń já sínú ọ̀sà Lẹ́kìí. Igi ògùrọ̀ ló pọ̀ létí omi, ọ̀pọ̀tọ́ sì wà níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ díẹ̀.

Ẹlulùú ló kọ́kọ́ fọhùn, ohùn rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi tó ń dà jáde lẹ́nu akèrègbè. Òjò ni wọ́n ní ó máa ń pè. Ọ̀rẹ́ mi ní aya rẹ̀ ló ń pè, nítorí òmíràn ń dá a lóhùn lódìkejì. Kò pẹ́ tí atíòro méjì fò kọjá lórí wa. A gbọ́ ariwo ìyẹ́ wọn kí a tó rí wọn. Nígbà ìyé, inú ihò igi ni abo atíòro máa ń sé ara rẹ̀ mọ́, wọn a dí ẹnu ihò náà, kó ku àlàfo tóóró tí akọ yóò máa gbà fún un lóúnjẹ. Ọkọ rere wà nínú igbó.

Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi na ìka sí orí ọ̀pọ̀tọ́ kan. Ewé lásán ni mo rí. Àfi bí nǹkan kan ṣe sáré lórí ẹ̀ka, tó dúró, tó tún sáré, tó wá na apá, tí pupa sì bú jáde lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, osùn pọ́nńbélé! Kó tó di pé mo gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, ó ti bọ́ sórí igi kejì, ó sì ti pa apá dé. Kì í ṣe àlùkò gan-an, ọmọ ìyá rẹ̀ ni, èyí tí ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n osùn kan náà ló wà lápá àwọn méjèèjì.

Ìdílé ẹyẹ yìí kò sí níbòmíràn láyé àyàfi ilẹ̀ Áfíríkà. Ní ọdún 1869, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur Herbert Church, kọ̀wé lórí ìyẹ́ pupa wọn: ó bá bàbà nínú àwọ̀ náà, irú bàbà tí a fi ń ṣe wáyà iná, ó sì sọ àwọ̀ náà ní turacin. Omi tó bá mú bíi ti eérú, irú èyí tí àwọn aláró wa ń sẹ́ sínú ìkòkò aró, lè tú u jáde lára ìyẹ́. Àwọ̀ ewé ara wọn pàápàá ní bàbà nínú. Lára ọ̀pọ̀ ẹyẹ mìíràn tí a rí bí aláwọ̀ ewé, ìmọ́lẹ̀ ló ń bá wa ṣeré. Nítorí náà, àwọn tó kọ́kọ́ pe àlùkò ní olósùn kò sọ àsọdùn. Wọ́n wò ó dáadáa ni.

Agbe kò yọjú. Òun ló tóbi jù nínú ìdílé náà, ó lè wọ̀n tó kílò kan: ara aláró, ògbe dúdú lórí, àgógó ìyeyè tó pupa ní ṣóńṣó. Kò mọ fífò ọ̀nà jíjìn. Láti orí igi dé orí igi ló ń rìn, bí a bá sì ti gé àwọn igi tó wà láàárín, ìrìn parí nìyẹn. Igbó bíi ti Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO kà mọ́ àwọn igbó tó yẹ ní títọ́jú láti 1977, ni ènìyàn yóò lọ bí ó bá fẹ́ wá a, ayùn ẹ̀rọ àti oko kòkó sì ń jẹ ìyẹn náà wọlé. Ní Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ títà ló gbòde. Bí ilẹ̀ ti ń lọ ni ìbọn ọdẹ náà ń dún, nítorí ọjà kò kọ ẹran ìgbẹ́, ìsọ̀ lẹ́kùlẹ́jà kò sì kọ ìyẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan náà ni Olóyè Shafi Lawal Edu, ẹni tó dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní 1980, àjọ tó ń bójú tó igbó hẹ́kítà 78 ní Lẹ́kìí. Ẹ̀yin onílẹ̀ Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, bí ẹ bá ń ta ilẹ̀ etí ọ̀sà, ẹ yọ ọ̀pọ̀tọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí igi kan ara wọn lẹ́bàá omi. Kí ẹ sì mú àwọn ọmọ dé ibẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù, nítorí bí oòrùn bá ti mú, ẹyẹ á dákẹ́.